Ọmọ ọmọ mi rò pé Jésù ti kó wa lọ

Ọjọ́bọ̀, ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá.

Igbe ni mo gbọ́ ní ìdájí òní. Mo wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ àtíbàbà tí a fi páànù bò, mo ń wo àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀ lọ́jọ́ Ajé, bóyá omi ti ro tán lára wọn. Iná kò sí, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ríran. Ni ọmọ ọmọ mi bá figbe ta nínú ilé: "Màmá Ìlíṣàn! Màmá Ìlíṣàn o!" Kò jọ igbe ẹni tí àkekèé ta. Kò sì jọ ti ẹni tó lá àlákálàá. Igbe ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ ni.

Mo sáré wọlé. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe rí mi báyìí ló so mọ́ mi lọ́rùn, díẹ̀ ló kù kó gbé mi ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni o, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ní òun jí, òun na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun kò bá mi. Òun wo yàrá kejì, kò séèyàn. Sálúbàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí bàtà rọ́bà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni mo wọ̀ jáde. Ìborùn mi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ara tó wà nínú rẹ̀ kàn yọ lọ ni.

Ó ní, "Mo rò pé Jésù ti wá kó yín lọ, ó sì fi èmi sílẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi, torí ohun tó sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Àwọn ajíhìnrere kan wá sí ìlú wa, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé ìwé, wọ́n fi sinimá hàn wá lálẹ́, nípa ìgbàsókè, ọjọ́ tí wọ́n ní Jésù yóò kó àwọn tirẹ̀ lọ sọ́run lójijì, àti nípa àwọn tó ṣẹlẹ̀ tí kò kàn. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta rẹ̀, mo ti odò dé pẹ̀lú garawa omi lórí, mi ò bá ẹnikẹ́ni nílé. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Ọbẹ̀ ń hó. Ọmọrogùn wà lórí ìdérí ìkòkò bí ẹni pé ẹni tó ń ro ọbẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Mo pe Màámi, kò dáhùn. Mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó jẹ́ mi. Garawa bọ́ lórí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi tó dànù, mo ń bẹ Jésù pé kó jọ̀ọ́ padà wá mú mi.

Ilé kejì ni Màámi wà, ó lọ yọjú sí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ó nà mí nítorí omi. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún un títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Lọ́dún yẹn nìkan, ìgbà mẹ́fà ni mo jáde lọ síwájú pẹpẹ. Bí oníwàásù bá ti ń bèèrè pé bí ìpè bá dún lálẹ́ yìí, níbo lo máa wà, ẹsẹ̀ mi á ti máa gbọ̀n. Mo gbàdúrà gan-an nígbà yẹn, àmọ́ bí mo bá wẹ̀yìn wo àwọn àdúrà náà, bí ìwọ̀fà ṣe ń bẹ olówó rẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run. Mo mọ ẹranko olórí méje inú Ìfihàn dáadáa. Jésù tó jókòó létí kànga pẹ̀lú obìnrin ará Samáríà, tó gbé ọmọdé sórí itan, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó dùn mí jù nìyẹn títí di òní, pé wọ́n fi ẹni tí mi ò tíì mọ̀ dẹ́rù bà mí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Màámi fẹ́ràn òwe náà. Kò tù mí nínú nígbà yẹn, mo sì mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Bí ọ̀run bá ya lu gbogbo wa, a ó jọ wà ńbẹ̀ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kó má ya lu ẹnikẹ́ni, kí gbogbo èèyàn ti lọ, kó wá ku èmi nìkan pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ń hó.

Nígbà tí ọmọ náà mu omi gbígbóná tán, mo bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó ní fídíò ni, lórí fóònù. Ọkùnrin kan ló dá ọjọ́, ó ní ká máa palẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, irú rẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ní ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù náà ni. Ọjọ́ méjèèjì dé, wọ́n sì kọjá lọ. A rí àwọn tó ń ta ẹran lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àmọ́ fídíò kì í kú bí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá. Ó wà níbẹ̀, ó ń dúró de ọmọ mìíràn.

Ojú mi ti rí òpin ayé tó pọ̀. Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbogbo ayé yóò dojú rú, ọkọ̀ òfuurufú yóò máa já bọ́. Aládùúgbò wa kan gbà á gbọ́ débi pé ó pa gbogbo adìyẹ rẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun yó kó tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kìíní ọdún 2000 mọ́ kedere. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fún un ní àgbébọ̀ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 2011, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Harold Camping, tó ń darí ilé iṣẹ́ rédíò kan, kéde pé ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ni. Ọjọ́ yẹn kọjá, ó tún sún un sí ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá. Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti dá ọjọ́ kan ní 1994. Lọ́dún 2012, ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ṣe àṣìṣe àti pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo bọlá fún un lórí ìjẹ́wọ́ yẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Àmọ́ àwọn tó ti ná owó wọn tán lórí ìkéde náà, ta ló dá a padà fún wọn?

Nínú Máàkù orí kẹtàlá, Olúwa fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ náà, àwọn áńgẹ́lì kò mọ̀ ọ́n, Ọmọ pàápàá kò mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe Baba. Nígbà tí Ọmọ bá lè wà láìmọ̀ ọ́n, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ta wá ni èmi tí mo fẹ́ mọ̀ ọ́n?

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń yan gàrí dé, a tú àpò, a fọ́ ẹ̀gẹ́ tó ti dì, a ń kù ú nínú kọ̀ǹkọ̀sọ̀. Òórùn rẹ̀ kan dáadáa. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí máa ń rò pé adùn gàrí Ìjẹ̀bú wà nínú ẹ̀gẹ́ tàbí nínú ilẹ̀ wa. Ọjọ́ ló ń mú un kan. Bí o bá fi ìkánjú yan án lọ́jọ́ kejì, gàrí ni lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá fi omi tútù àti ṣúgà sí i máa mọ̀ pé o ti rẹ́ òun jẹ.

Ọmọ ìjọ Adventist ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Bí oòrùn Ọjọ́ Ẹtì bá ti ń wọ̀, yóò pa iná ìdí agbada rẹ̀, kò tún ní dá a títí oòrùn ọjọ́ kejì yóò fi wọ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni èmi. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá, a kò jà lórí ọjọ́ ìsinmi rí. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdájí fún un. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn baba ńlá ìjọ tiwa náà dúró lálẹ́ ọjọ́ kan, wọn ò sì rí i."

Mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ òní ló sọ ọ́ délẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó tún jẹ́ oníwàásù Onítẹ̀bọmi, William Miller, ní Amẹ́ríkà, ló ka ìwé Dáníẹ́lì, tó ṣírò ọdún inú rẹ̀, títí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e fi gbà pé ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1844 ni Jésù yóò dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gbà wọ́n gbọ́. Àwọn àgbẹ̀ kan láàárín wọn fi irè oko sílẹ̀ láìkórè, nítorí pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Wọ́n ṣọ́nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n sunkún. Ìjákulẹ̀ Ńlá ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí di òní.

Mo rò ó bí mo ti ń ro gàrí nínú agbada. Ẹni tó ti fi gbogbo ara gbà pé òun kò ní rí ọ̀la mọ́, kí ni yóò ṣe pẹ̀lú ọ̀la náà nígbà tó bá dé? Àwọn kan pa ìgbàgbọ́ tì, mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ àwọn mìíràn padà sídìí Bíbélì pẹ̀lú omijé lójú, ara wọn sì ni ìjọ Adventist ti jáde, tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1863. Wọn kò yé retí Olúwa. Orúkọ ìjọ wọn gan-an, bíbọ̀ Olúwa ni ó ń kéde. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n ti ń retí. Ní 1959, wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Ìlíṣàn wa níbí, akẹ́kọ̀ọ́ méje péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òun ló di Babcock University ní 1999, ọdún yẹn kan náà tí aládùúgbò mi ń pa adìyẹ. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ńlá níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ tó ń ra gàrí lọ́wọ́ wa, inú ọgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Àwọn tó gbà pé ayé máa parí ló kọ́lé ìwòsàn yìí?" Ó ní, "Àwọn tó gbà pé Olúwa ń bọ̀ ni." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń bá kọ̀ǹkọ̀sọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ara mi láti àárọ̀. Ọ̀nà méjì gbáà ni: ká máa retí pé nǹkan ń parí, àti ká máa retí pé ẹnìkan ń bọ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde náà, ní 1918, nígbà tí òfìnkìn apànìyàn gba gbogbo ayé kan, tó bá ọkọ̀ ojú omi gba Èkó wọlé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa, ta ni kò ní sọ pé òpin dé? Àwọn mélòó kan nínú ìjọ St. Saviour's, Joseph Ṣadare àti olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, pẹ̀lú àwọn mìíràn, kóra jọ láti gbàdúrà. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, wọ́n ń tọ àwọn tí ẹlòmíràn ń sá fún lọ. Ẹgbẹ́ yẹn wà lára ohun tó wá di ìjọ Aposteli Kristi lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Mo máa ń rántí wọn láti ìgbà Kòrónà, nígbà Àjíǹde ọdún 2020, tí a ṣe ìsìn Àjíǹde ní pálọ̀, èmi àti ọkọ mi nìkan, tí fóònù mi sì kún fún iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pé àmì ẹranko wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìwọ̀nba dátà tí mo ní, ìbẹ̀rù ló jẹ ẹ́ tán.

Ọkọ mi kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Kìkì pé ìgbà tí a ń sin ín ni mo tó gbọ́ Tẹsalóníkà Kìíní orí kẹrin pẹ̀lú etí mi. Láti kékeré, ibi tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nìyẹn: ariwo, ohùn olórí àwọn áńgẹ́lì, ìpè Ọlọ́run. Àmọ́ àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí, èèyàn wọn ló ti kú, wọ́n rò pé àwọn tó ti lọ yóò pàdánù ọjọ́ Olúwa. Pọ́ọ̀lù ní rárá, àwọn ni yóò kọ́kọ́ jíǹde. Ó wá fi gbólóhùn yìí pa á dé: "Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara yín nínú." Ìtùnú opó ni wọ́n fi ń lé ọmọdé kiri láti ọdún yìí wá! Mo fẹ́ kí àwọn oníwàásù wa dáhùn fún ìyẹn. Mo gbà pé ìdájọ́ wà, mo ń ka á nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi pé yóò wá ṣe ìdájọ́ alààyè àti òkú, mi ò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó máa ṣe ìdájọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ní àpá ìṣó, nítorí mi ló sì ṣe ní in.

Ní ọ̀sán, ọmọ náà jókòó tì mí, ó ń bu gàrí gbígbóná jẹ. Ó bi mí pé, "Màmá, ẹ̀rù Jésù kì í bà yín?"

Mo ní, "Ẹ̀rù bàbá rẹ máa ń bà ọ́?"

Ó ní rárá. Ó ní bí bàbá òun bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, fèrè mọ́tò rẹ̀ ni òun máa ń kọ́kọ́ gbọ́, òun á sì sáré lọ ṣí géètì kí àbúrò òun tó débẹ̀.

"Bí o kò bá tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ ńkọ́?"

Ó ronú. Ó ní bàbá òun á bá òun wí, lẹ́yìn náà á jókòó ti òun títí òun á fi ṣe é tán.

Mi ò fi nǹkan kan kún un. Àmọ́ òun kò tíì parí. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin ti ṣe tiyín tán?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka àkọsílẹ̀ mi láti ọjọ́ yìí mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò sọ̀rọ̀ mọ́. Oko obì bàbá wa ló dá a sílẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún méjì. Mo ti kọ ọ́ síbí rí pé ọwọ́ mi mọ́. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, mo ṣì rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ohun tí mo sọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ́, mo sì ti mọ̀ láti ìgbà yẹn. Mo ti ń gbàdúrà "Máa bọ̀, Jésù Olúwa" fún ọdún méjì pẹ̀lú èyí nínú. Tí ohun kan bá wà tó yẹ kó bà mí lẹ́rù bí ìpè bá dún, kì í ṣe oòrùn tó ṣókùnkùn.

Mo nu ọwọ́ mi, mo pè é. Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún pè lẹ́yìn tí a yan agbada kan sí i. Ó gbé e.

Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Mo ní ọ̀rọ̀ oko kọ́ ni mo pè fún. Mo ní mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí mo sọ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, pé kò yẹ kó ti ẹnu ẹ̀gbọ́n jáde. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo ojú fóònù bóyá ó ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì bi í. Ó wá béèrè bóyá gàrí tí a ń yan yìí kan, nítorí èyí tí òun rà lọ́jà wọn kò kan rárá. Mo ní ó kan. Mo ti wọn kóńgò mẹ́rin sọ́tọ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́la ni n ó fi rán an.

Nígbà àdúrà alẹ́, mo ní kí ọmọ náà ka Jòhánù orí kẹrìnlá. Ó kà á ketekete: "Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín dàrú." Ó dé ibi tí Jésù ti ní òun ń lọ pèsè àyè sílẹ̀ fún wa, ó bi mí bóyá Bàbá àgbà ti wà níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá Bàbá àgbà ń rí wa. Mo ní ìyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní bí Jésù bá dé lọ́la nígbà tí a ń yan gàrí lọ́wọ́ ńkọ́, ṣé ká pa iná kọ́kọ́? Mo ní kó ṣáà máa ro ó lọ, kó má bàa jó.

Ó ti sùn báyìí. Àpò méjì ṣì kù lábẹ́ òkúta, n ó jáde lọ wò wọ́n ní agogo márùn-ún. Mo ti ṣèlérí fún un pé n ó kọ́kọ́ jí i. Ó ti gbé bàtà rọ́bà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lẹ́nu ọ̀nà.